Àǹtí Tíṣà Owódé, Ìwé Yẹn Ńkọ́?

Àǹtí mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú tí ẹ bá rí Owódé lókè lẹ́tà yìí, torí gbogbo ẹni tó ń gbé láàárín Ṣíún sí Ọ̀fàdà ló máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ forí jì mí. Mo ti bi yín ní kọ̀rọ̀ títí, ẹ̀rín lẹ fi ń dá mi lóhùn. Mo wá ní kí n bi yín lójú gbogbo ayé: ìwé ìtàn àròsọ tí ẹ ń kọ, níbo ló dé?

Ká má parọ́, gbogbo nǹkan ló ti wà nílẹ̀. Àwòrán iwájú ìwé wà: obìnrin kan gbé igbá ìrẹsì, ó kọjú sọ́jà, ó kẹ̀yìn sọ́kọ. Orúkọ ìwé wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ẹ sọ fún mi lọ́dún Àjíǹde kọ́ ni mo gbọ́ nígbà Kérésì. Ojú ewé ìdúpẹ́ wà, ó sì gùn ju orí kìn-ín-ní lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kábíyèsí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ lèmọ́mù kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú. Ẹ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Bùọ̀dá "fún sùúrù wọn", bí ẹni pé kì í ṣe àwọn náà ló ń pariwo lálaalẹ́ pé kí ẹ paná kí àwọn rí oorun sùn. Alága ọjọ́ ìkówèéjáde ti gbà pé òun á wá. Ẹ ti bá ìyá aláàdìrẹ sọ̀rọ̀ n'Ítòkú lórí aṣọ tí a ó jọ wọ̀. Ìwé nìkan ló kù.

Nígbà tí Lọlá Ṣónẹ́yìn dá àjọ̀dún ìwé Aké sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 2013, ẹ wà lára àwọn tó tètè dé Kútọ̀. Ẹ bá àwọn òǹkọ̀wé ya fọ́tò, ẹ̀ ń sọ fún wọn pé ẹ̀yin náà ń bọ̀ lọ́nà. Lọ́dún 2018, àjọ̀dún ọ̀hún palẹ̀ ẹrù mọ́, ó kó lọ sí Èkó. Ẹ̀yin ṣì ń bọ̀.

Ẹ ò sì lè ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló jìnnà. Oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn Ẹ̀gbá l'Abẹ́òkúta níbí, tó ń ta ẹ̀dà kan ní owó ẹyọ 120. Owó ẹyọ ti kúrò nílé ayé, Àǹtí.

Mo mọ ohun tó ń dí yín lọ́wọ́. Bírò pupa ni. Ẹ̀ ń máàkì ìwé ara yín. Ẹ kọ gbólóhùn kan lálẹ́, ẹ fagi lé e láàárọ̀, ẹ wá kọ "tún un ṣe" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi bíi pé ọmọ ẹlòmíì ló kọ ọ́. Ìrẹsì Ọ̀fàdà lẹ̀ ń ṣà yẹn. Òkúta kì í tán nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ní òun ò ní gbé e kaná àfi bó bá tán, ebi ni yóò sùn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Amos Tutùọlá, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiyín, tí wọ́n bí l'Abẹ́òkúta ní 1920. Ìwé tó kà ò tó nǹkan. Bàbá rẹ̀ kú ní 1939, owó iléèwé tán, ó bá lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà ogun Hitler, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló ń ṣe fún àwọn ológun òfuurufú Òyìnbó l'Ékòó. Ogun parí, ó di mẹ́sẹ́ńjà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ibi tó ti ń jókòó de ọ̀gá tó máa rán an níṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀tàn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí: Focal Press ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà! Ó kọ lẹ́tà sí wọn pé òun ní ìtàn àwọn iwin inú igbó, òun sì ní fọ́tò àwọn iwin ọ̀hún. Ta ni kò ní fẹ́ rí fọ́tò iwin? Wọ́n ní kó kó o wá. Ìgbà tí ẹrù dé, wọ́n rí i pé àwòrán tí èèyàn fọwọ́ yà ni wọ́n gbé síwájú kámẹ́rà. Ìwé yẹn sùn sílẹ̀ di 1982 kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ó fi ránṣẹ́.

Kò tún dúró. Ó rí ìpolówó ilé ìtẹ̀wé àwọn ẹlẹ́sìn Kírísítì kan nínú ìwé ìròyìn, ló bá fi The Palm-Wine Drinkard ṣọwọ́ sí wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìtàn ọ̀mùtí tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sílùú àwọn òkú, ṣé ìwé ìsìn nìyẹn? Wọn ò lè tẹ̀ ẹ́, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ nù. Wọ́n gbé e fún Faber and Faber, àwọn yẹn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952. Púpọ̀ nínú gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n tilẹ̀ fi ojú ewé kan tó fọwọ́ kọ sínú ìwé náà.

Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Nílé níbí, àwọn ọ̀mọ̀wé fárígá, wọ́n ní gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin yìí ń dójú ti àwọn. Lójú tèmi, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì yẹn ló dùn wọ́n. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé Òyìnbó á ka Tutùọlá tán, á sì fi ojú rẹ̀ wo àwọn. Àǹtí, ẹ̀rù kan náà ló wà nínú bírò yín. Àṣìkọ kọ́ lẹ̀ ń wá kiri. Ẹ̀ ń wá ibi tí ọ̀gá iléèwé àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ yín máa ti rẹ́rìn-ín. Wọn á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín báyìí náà, torí ìwé tí kò jáde.

(Kí ẹ má sì rò pé ìwé máa kọ́lé fún yín: lẹ́yìn gbogbo òkìkí yẹn, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni Tutùọlá lọ ṣe nílé iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn. Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.)

Ẹ tún ní ẹ ò tíì mọ èdè tí ẹ ó fi kọ ọ́. Mo ti ka méjèèjì, ti Yorùbá àti ti gẹ̀ẹ́sì. Ìyá oníìrẹsì inú ìtàn yín ń nájà lédè Ẹ̀gbá bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Tó bá ti bọ́ sí gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bíi káńsẹ́lọ̀ tó ń ka ìwé ìkéde. Ẹ jẹ́ kó máa sọ Yorùbá rẹ̀. Tíṣà bíi tiyín ni Fágúnwà nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé ìdíje kalẹ̀ ní 1936. Ó kọ Ògbójú Ọdẹ lédè Yorùbá, ó fi sílẹ̀ fún wọn. Ní 1938, ìwé ti dé ọjà.

Ti I. B. Thomas ló wù mí jù fún yín. Òun ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Lọ́dún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀: Sẹ̀gilọlá, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, tí ẹwà rẹ̀ ti ṣá, tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tó wá ń jẹ́wọ́ gbogbo ọkùnrin tó ti bá pàdé. Èkó gbọ̀n rìrì. Àwọn èèyàn gbà pé obìnrin náà wà ládùúgbò kan tó ń sunkún. Thomas ló jókòó tó ń kọ ọ́. Ìwé ìròyìn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí ọjọ́ bá pé, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé, tó kún tàbí kò kún. Níbo ló ti fẹ́ ráàyè bírò pupa? Ní 1930, ó kó gbogbo lẹ́tà yẹn jọ, ó di ìwé. Ẹ̀yin náà ní gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí. Dípò àdúrà tí gbogbo wọn ń fi ránṣẹ́ láàárọ̀, ẹ máa ju ìtàn díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀ ní Jímọ́ọ̀ Jímọ́ọ̀. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà ò bá béèrè èyí tó kù, ẹ wá nà mí.

Ti owó ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá n'Íbàdàn máa bi yín bóyá ìwé náà lè wọ iléèwé, tíṣà ni yín, ẹ mọ ìdáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó, ń bẹ. Wọ́n á ka ojú ewé, wọ́n á sọ iye bébà, wọ́n á gba owó ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa rọ̀ yín pé bó bá ti pọ̀ tó ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa dínwó tó. Ẹ má dá wọn lóhùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lèyí tó bá ṣẹ́kù máa ń sùn. Ẹ gba ISBN lọ́wọ́ Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè, bó bá jáde, kí ẹ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn bí òfin ṣe wí. Òfin ò sọ̀rọ̀ alága, kò sì sọ̀rọ̀ àdìrẹ.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wọkọ̀ ní Owódé, ẹ gba Ṣíún wá bá mi l'Abẹ́òkúta. Gbogbo ìwé ẹ́sásáìsì tí ìtàn náà wà nínú wọn ni kí ẹ kó dání, títí kan èyí tí ọbẹ̀ dà sí. Ọmọkùnrin kan wà ní Kútọ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ nǹkan fún èèyàn. Kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn gírámà, ohun tó bá rí ló ń tẹ̀. Èmi ni mo máa sanwó orí kìn-ín-ní àti ìkejì.

Èmi ni àbúrò yín, tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ láìfi àmì kan ṣoṣo sí i lójú ewé ìdúpẹ́.