Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Lo Ọdún Kan ní Ọjà Ńlá Bouaké

JAMB kò mú ọ lọ́dún yìí? Àbí ASUU tún gùn lé ìyanṣẹ́lódì bíi ti 2022, tí yunifásítì wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ? Má bọkàn jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó ń ta ohun èlò ọ̀kadà ní Grand Marché, ní Bouaké, ní kí o wá lo ọdún kan lọ́dọ̀ òun, kí o gbọ́ Faransé, kí o sì lajú. Bí o bá fẹ́ padà wálé bí o ṣe lọ gẹ́lẹ́, ìtọ́ni rẹ nìyí.

1. Má ṣe bi ará Èjìgbò ní ìbéèrè kankan. Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ni wọ́n ti ń ná Àbíjàn, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n mọ̀? Ìwọ ti gbọ́ pé láti 1979 ni ECOWAS ti gbà kí a máa wọ ìlú ara wa láìgba físà. Fi páálí ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí o bá dé Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao àti Elubo, kí àwọn aṣọ́bodè kú iṣẹ́, kí o ka òfin náà fún wọn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé 90 ọjọ́ ni òfin náà wí, pé 90 ọjọ́ kò sì lè di ọdún kan láìgba ìwé ìgbélùú.

2. Sọ fún awakọ̀ pé “máṣé” lò ń lọ, kí o sì sùn. Grand Marché wà láàárín ìlú. Marché de Gros, níbi tí wọ́n ti ń já iṣu látinú ọkọ̀ àjàgbé, wà lọ́tọ̀. Bí o bá jí láàárín òkìtì iṣu, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.

3. Má fetí sí àgbà ọjà. Iná jó ọjà yìí ní 1998. Nígbà tó di 2002, ogun dé, Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ọlọ́jà fọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ títì. Owó C2D, ìyẹn gbèsè tí Côte d’Ivoire san tí ìjọba Faransé sì dá padà fún iṣẹ́ ìlú, ni wọ́n fi tún un kọ́. Bí ẹni tí iná náà jó ọjà mọ́ lọ́wọ́ bá ń sọ bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀, bi í pé níbo ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń já gaara.

4. Ka owó bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Èyí ṣe kókó. Ẹni tó ń fi èdè Júlà tajà máa ń ka owó ní fáràǹkì márùn-ún márùn-ún: bó bá ní ogún, ọgọ́rùn-ún fáràǹkì ló ń wí, ọgọ́rùn-ún tirẹ̀ jẹ́ 500. Ìyá àgbà rẹ tó ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní sílè kan ì bá ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kìíní. Oníbàárà dé, ó na wáyà bíréèkì sókè, ó ní “kɛ̀mɛ̀ fila”. O mọ̀ pé igba nìyẹn. O gba fáràǹkì 200, o tún fi láílọ́ọ̀nù dì í fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹgbẹ̀rún kan ló fẹ́ san. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ bá figbe ta, sọ fún un pé ìwọ lo gba A nínú ìṣirò ní WAEC.

5. Pe àtíékè ní gàrí tí kò yan dáadáa, kí o sì sọ ọ́ sétí obìnrin tó ń tà á. Ní 2024, UNESCO kọ ọgbọ́n ṣíṣe é mọ́ ogún àṣà àgbáyé, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tọ́ ẹ̀bà ìyá rẹ wò.

6. Yorùbá nìkan ni kí o máa sọ. Àwọn Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, pọ̀ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé láti yunifásítì wa ń lọ gbé Àjàrá ní Badagry kí wọ́n lè gbọ́ èdè náà lẹ́nu ara wọn. Ìwọ tó wà láàárín àwọn tó ń sọ ọ́, ki í-á-pọ́ọ̀dù bọ etí.

7. Bá wọn jiyàn bọ́ọ̀lù. Rán wọn létí pé ní Bouaké yìí, ní February 7, 2024, la ti fi pẹ̀nárítì lé South Africa lọ sílé. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, sọ pé orí ń fọ́ ọ.

Lékè gbogbo rẹ̀, má fara wé ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹgbẹ́ rẹ ni, òun náà ń retí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ń fi Faransé bú ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, ó ń fi Júlà ka owó, ó mọ iye tí ọ̀gá rẹ̀ ń ra ọjà àti iye tó ń tà á. Bí o bá ṣe bíi tirẹ̀, ọdún kan yóò ti lọ, o ò ní rí ẹyọ fọ́tò kan gbé sórí Facebook.