Wọ́n Yá Olóhun ní Ohun Rẹ̀

Àwọn tó ń bú èdè Òyìnbó pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ ń ṣèké mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnìkan bá gbé ìbọn wọlé onílé, tó sì kó ẹrù jáde, olè ni, ọ̀rọ̀ parí, ì báà wọ dàńṣíkí, ì báà wọ kóòtù. Gẹ̀ẹ́sì kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó wọlé, ẹni tó nilé, àti ibi tí ẹrù náà wà lónìí, kó tó yan ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹ mú "loan" àti "return". Lójú ẹni tí kò kàwé, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe: ẹrù tó wà ní London yóò wọ bàálù, yóò sì sọ̀ ní Áfíríkà. Ọ̀mọ̀wé ló mọ̀ pé èyí tó jẹ́ "loan" ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀.

Ní 1874, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana òde òní, wọ́n kó wúrà ààfin Asantehene, ọba Asante, wọ́n sì dáná sun ìlú. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a mọ̀ sí Victoria and Albert Museum lónìí ra lára ẹrù náà ní gbàǹjo ní London. Àádọ́jọ ọdún kọjá. Ní 2024, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí àti British Museum kó ohun 32 lọ sí Kumasi, wọ́n pàtẹ wọn sí Manhyia Palace Museum, inú ará ìlú sì dùn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni ìwé àdéhùn wí, pẹ̀lú àyè láti fi mẹ́ta mìíràn kún un. Idà tí wọ́n fi ń búra láàfin Asante wà lára ẹrù yẹn. Ọba tí àwọn ìjòyè ń fi idà búra fún ló wá ń tọwọ́ bọ̀wé kó tó lè rí idà.

Òfin ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ń tọ́ka sí. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn kò fẹ́. Òfin 1963 ló de British Museum lọ́wọ́, ti 1983 de èkejì. Òfin ni òfin, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kà á dé ìsàlẹ̀. Òfin 1963 sọ pé bí ohun kan bá jẹ́ "duplicate", tí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n lè tà á, wọ́n lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n tilẹ̀ lè fi tọrẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Láàárín 1950 sí 1972, nǹkan bí 30 àwo idẹ tí wọ́n kó láàfin Ọba Bìní ní 1897 jáde kúrò ní British Museum nítorí pé wọ́n jọ àwọn mìíràn jù. Ìjọba Nàìjíríà, nígbà tí Òyìnbó fúnra rẹ̀ ṣì ń darí rẹ̀, wà lára àwọn tó fowó rà wọ́n. Àwọn onímọ̀ wá sọ lẹ́yìn náà pé méjì-méjì ni wọ́n dìídì ṣe àwọn kan nínú wọn. Bí Yorùbá ni wọ́n bi, wọn ì bá ti gbọ́ pé a kì í ta Kẹ́hìndé nítorí pé ó jọ Táíwò. Ohun tí "return" kò lè ṣe láti ọjọ́ yìí, "duplicate" ṣe é, owó sì wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé "return" kò sí nínú ìwé òfin wọn. Ní 2009, ilé aṣòfin kan náà ṣe òfin tó fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láṣẹ láti dá ohun tí àwọn Nazi gbà lọ́wọ́ àwọn ẹni ẹlẹ́ni padà, "return" sì wà gbangba nínú orúkọ òfin náà. Ó dára, ó sì tọ́. Ẹni tí wọ́n jà lólè láàárín 1933 sí 1945 ni òfin yẹn mọ̀; àwọn ará Bìní ti yára jìyà jù.

Àwọn kan yóò ní owó ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi ra tiẹ̀, kò jí i. Yorùbá ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní Bìní ló kọ́kọ́ pa Phillips, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní January 1897. Wọ́n pa wọ́n lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ogun tó tẹ̀lé e fi ń jẹ́ "punitive expedition", ìrìn àjò afìyàjẹni. Wọ́n fìyà jẹ Ọba Ọ̀vọ̀nramwẹ̀n, wọ́n lé e lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ṣùgbọ́n àwo idẹ wo ló pa èèyàn? Ká má purọ́ ṣá, àwa náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí díẹ̀: ní 1973, Ọ̀gágun Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, mú orí idẹ Bìní kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó, ó fi ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ. "Gift" nìyẹn.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ààbò. Wọ́n jí ẹrù nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, kò ṣeé bò. Àmọ́ ní August 2023, British Museum kéde pé nǹkan bí 2,000 ohun tó wà níkàáwọ́ òun ló ti sọnù, tí wọ́n jí, tàbí tí wọ́n bà jẹ́. Wọ́n rí lára wọn tí wọ́n ń tà lórí eBay. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Hartwig Fischer, fipò sílẹ̀. Ohun tó yẹ ká gbọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ náà: "stolen", "theft", "recover". Ó já gaara bí ẹni pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ. "Acquired", tó máa ń wà lára káàdì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù ilẹ̀ Áfíríkà, kò yọjú rárá, kò sì sẹ́ni tó ní kí British Museum tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́ta kó tó gba ohun rẹ̀.

N kò bá "loan" jà. Ní 2022, Berlin fi ohun Bìní tó lé ní 500 lé Nàìjíríà lọ́wọ́, Nàìjíríà wá yá Berlin ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Olóhun ló ń yáni. Lóòótọ́, ìjọba Nàìjíríà àti ààfin Bìní ti fa ọ̀rọ̀ ibi tí ẹrù yóò wà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìjà ọmọ ìyá kò sọ ẹni tó kó wọn lẹ́rù di ajogún.

Ní Kumasi, ọdún mẹ́ta náà yóò pé ní 2027. Ká wá ní Asantehene, Otumfuo Osei Tutu Kejì, ní òun kò dá idà yẹn padà mọ́. Kò ní tó wákàtí kan tí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi rí ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ẹni tó di ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń wá láti 1874.