Oríkì Adáhùn-má-dáhùn

Michael Howard, mo kí ọ, mo tún ọ kí.
Ọmọ Wales, lọ́yà àwọn lọ́yà,
Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nílùú Ọba nígbà kan rí.
Ìwọ lo dìde níwájú ẹgbẹ́ Conservative lọ́dún 1993,
Tó o ní ẹ̀wọ̀n ń ṣiṣẹ́, tí àtẹ́wọ́ bolẹ̀.
Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bàbá!
Ní January 1995, ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ tiwọn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Parkhurst:
Wọ́n rọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n rọ àkàbà,
Wọ́n bẹ́sẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ta ni ká dá lẹ́bi? Kì í ṣe ìwọ.
Ẹ̀kọ́ rẹ jinlẹ̀: ìlànà ni ti mínísítà,
Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ti ọ̀gá ẹ̀wọ̀n.
Bó bá dùn, ìlànà ni.
Bó bá kan, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni.
John Marriott tó ń ṣàkóso Parkhurst ṣí nípò,
O lé Derek Lewis, ọ̀gá gbogbo ẹ̀wọ̀n, lẹ́nu iṣẹ́.
Àga tìrẹ nìkan ni kò mì.

Ọjọ́ 13 oṣù May 1997, ìbò ti já ẹgbẹ́ yín sílẹ̀,
O ń du ipò olórí, o wá jókòó ko Jeremy Paxman lórí ètò Newsnight ti BBC.
"Ṣé ẹ halẹ̀ mọ́ Lewis pé ẹ máa fi àṣẹ yín borí tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Marriott?"
O ní o ò láṣẹ láti pàṣẹ fún un, o ò sì pàṣẹ.
A bi ọ́ ní iyán, o fọbẹ̀ dáhùn!
Ó tún bi ọ́. O ní o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ.
Ó tún bi ọ́. Ìbéèrè kan náà, bí ìgbà 12,
Adáhùn-má-dáhùn, o ò mira.
Kí lò bá tiẹ̀ sọ? "Bẹ́ẹ̀ ni" á fọ́ ẹ̀kọ́ rẹ túútúú,
"Bẹ́ẹ̀ kọ́" á sọ Lewis tó ní o halẹ̀ dòpùrọ́,
Lewis sì wà láàyè, ó lẹ́nu.

Paxman ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ki òun náà díẹ̀, kó má bínú.
Akọni tí kì í jẹ́ kí olóṣèlú mí,
Aráyé ní ìgboyà ló ń tì í, òtítọ́ ló ń wá.
Òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ pé ìròyìn tó kàn ni kò tíì délẹ̀,
Ó kàn ń fi Howard pa àkókò ni.
Gbáà! A ṣì ń ròyìn akin náà dòní.

Lọ́dún 2004, Howard, o ti di olórí ẹgbẹ́,
Paxman tún gbé ìbéèrè náà dìde.
O rẹ́rìn-ín, o ní o ò halẹ̀ mọ́ ọn.
Ẹ ò rí i? Ọdún méje péré ló fi rò ó.