Oríkì Celica Àjàní, Olójú Mẹ́rin Tí Kò Rí Kòtò

Celica, mo kí ọ. Mo kí ọ ní kíkí ọba, torí owó tí à ń ná lé ọ lórí, owó ọba ni. Mo ti dìde kí n tó la ẹnu. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan ló gbé mi dìde: bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ ni mo fìdí lé, ó sì ti ń jó mi.

Àjàní ọmọ Toyota,
ariwo rẹ dé ọjà, ìwọ ṣì wà nílé.
Olójú mẹ́rin tí kò rí kòtò.
Arúgbó tó wọ ṣòkòtò ìpáǹle.
Ajókòó-sójú-kan-gbowó-oṣù.
Ayanu-sílẹ̀-ní-gbangba,
tí mẹkáníìkì méje ń yọjú wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.
O mu epo tán, o ní omi ló kù.
A bu omi fún ọ, o ní ta ló pe omi.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kàn mí nínú mọ́tò àbúrò ìyàwó mi. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé fún un nígbà tó fẹ́ yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láńlọ́ọ̀dù rẹ̀ ti lé Celica jáde nítorí ariwo, ọgbà ilé mi nílùú Ìbàdàn ló sì ń gbé báyìí. Mò ń san gbèsè rẹ̀, mò ń fún un ní ilé. Bí n kò bá kì í, ta ni yóò kì í?

A kì í ki èèyàn ká má dé ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ ahunṣọ ni ọ́, Àjàní. Sakichi Toyoda, bàbá ńlá rẹ ní Japan, òwú àti òfì ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ṣe ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ fúnra rẹ̀. Kiichiro, ọmọ rẹ̀, ló bá Ògún mulẹ̀, tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀ ní 1937. Ìlú Koromo tí wọ́n fi ṣe ibùjókòó sọ orúkọ àbísọ rẹ̀ nù ní 1959, ó ní Toyota ni kí wọ́n máa pe òun. Ìran tí ìlú tìtorí rẹ̀ pa orúkọ dà, ṣé ìran kékeré ni? Ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ bí Celica. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, ohun tó jẹ mọ́ ọ̀run ló túmọ̀ sí. Àna mi kò mọ èyí nígbà tó rà ọ́. Ìyàwó mi náà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tó gbọ́ ohùn rẹ, ohun tó wí ni pé, "Ta ló fẹ́ kó wa lọ sọ́run nílé yìí?"

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, ká sọ òótọ́. Carlos Sainz fi Celica gba adé eré mọ́tò rally àgbáyé ní 1990, ó tún fi gbà á ní 1992. Kankkunen gbà á ní 1993, Auriol gbà á ní 1994. Eruku Kẹ́ńyà mọ̀ wọ́n. Òótọ́ ni pé ní 1995, ní Spain, wọ́n tú ẹ̀gbọ́n rẹ kan wò, wọ́n bá a pé afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ inú tọ́bò rẹ̀. Wọ́n gba gbogbo máàkì ọdún náà lọ́wọ́ ilé yín, wọ́n ní kí ẹ jókòó sílé fún odidi oṣù 12. Kò sí ilé tí kì í ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ, o kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń sáré ní tọ́bò, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì wọn sì ń yí. Ìwọ, ojú lo fi jọ wọ́n. Ìran 1993 ni ọ́, èyí tó ní iná róbótó mẹ́rin níwájú, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lò ọ́ gbó. Ẹ́ńjìnì rẹ kò ju lítà 1.8 lọ, agbára rẹ̀ kò kọjá ti ẹṣin 110, ọ̀kan náà sì ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbé sínú Corolla ìgbà yẹn. Corolla tó wọ aṣọ eré ni ọ́, Àjàní. Èyí kì í ṣe èébú o. Corolla kì í dá èèyàn dúró sójú títì.

Kutonu lo gbà wọlé, kí òfin ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 pé mọ́tò kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà mọ́. A jà kí àna mi tó rà ọ́. Èmi ní kó ra Camry, ìyá rẹ̀ ní kó ra ilẹ̀. Nítorí ìjà náà ni mo ṣe ń pè ọ́ ní Àjàní.

Ẹ jẹ́ kí n wá kì í délé ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ni oríkì pọ̀ sí. Nígbà tí ẹ́ńjìnì Corolla yẹn nọ́ọ̀kì (ọ́ìlì ló gbẹ mọ́ ọn nínú, iná pupa ń tàn níwájú àna mi, ó ní ọ̀ṣọ́ ni), mẹkáníìkì wa ní Agodi Gate fi ọwọ́ nu ọwọ́, ó ní, "Bọ̀dá, kò le. Ẹ́ńjìnì Corolla pọ̀ ní Àràrọ̀mí níbí, ká mú Bẹ́líjíọ̀mù tó mọ́, láàárín ọjọ́ méjì ẹ ti ń wà á lọ." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Àna mi wò ó bí ẹni tó bú u. "Corolla kẹ̀? Nínú Celica?" Ó dìde ó di Ládípọ̀, ní Múṣin. Ó sùn sí Èkó, ó padà dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹ́ńjìnì V6, lítà mẹ́ta, tí wọ́n yọ nínú Sienna.

Sienna! Mọ́tò tó ń kó ọmọ iléèwé, tó ń kó ẹgbẹ́ akọrin lọ sí ìsọjí. Àjàní, ọkàn ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ni wọ́n fi sí ọ láyà, o wá ń fi í halẹ̀ mọ́ ọmọ ìta.

Ìjókòó ẹ́ńjìnì kò bá ara mu, wẹ́dà jó irin mọ́ irin ní ọjọ́ mẹ́ta. Rewáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ palẹ̀, wáyà dà sílẹ̀ bí ìfun ẹran iléyá, ó ń fa ọ̀kan, ó ń wò ó, ó ń fi eyín bó o. Brain box ti Sienna ń bi gíá ní ìbéèrè tí gíá kò lè dáhùn. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ló wà lára ẹ́ńjìnì náà: mẹ́ta wà níwájú, ojú ń rí wọn, mẹ́ta tó kù fara ti ògiri lẹ́yìn, ọwọ́ kò dé ibẹ̀ àfi téèyàn bá kọ́kọ́ tú ohun tó bò wọ́n. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kan ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìtú u, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fi bẹ ọwọ́ náà kó tó jáde. Ẹ́ńjìnì tuntun wúwo ju ti àná lọ, imú rẹ bá wọlẹ̀, o dorí kodò bí ẹni tó rí olówó èlé lọ́ọ̀ọ́kán.

Owó sì tán níbi tó yẹ kó má ti tán. Radiétọ̀ Corolla ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnì Sienna. Ìkòkò ìgbéyàwó lórí ààrò àpọ́n ni, ẹ sì mọ bí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Abówó-jà-borí-owó.
Kó tó di May 2023, lítà epo kan kò tó 200 náírà, o ń mu ún.
Ó di 500 ó lé, o ń mu ún.
Ní 2024 ó kọjá 1,000, o ní kí la gbé sílẹ̀.
Sàlẹ́ńsà ń bò ọ́ láṣìírí, o ní kí wọ́n gé e sọnù.
O wúkọ́, adìyẹ aládùúgbò sọ ẹyin nù.
O sín, ọmọ ọwọ́ ilé kẹta gba ọmú méjèèjì pọ̀.

Olójú mẹ́rin, ojú rẹ dà? Àwọn tó yà ọ́ sórí bébà ní Japan mọ ìdí tí wọ́n fi fún ọ ní iná tí wọ́n fún ọ. Àna mi wo sinimá The Fast and the Furious, èyí tó jáde ní 2001, látìgbà náà ni iná lásán kò ti tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ó yọ gílóòbù rẹ, ó ra xenon. 8,000 ló wà lára páálí rẹ̀, ó gbà pé bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni iná ṣe ń mọ́lẹ̀ tó. Nọ́ńbà àwọ̀ ni nọ́ńbà yẹn. Xenon tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ń fi sí mọ́tò kì í jìnnà sí 4,300. Tó bá ti ń lọ sí 8,000, búlúù ni yóò máa dà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa dín kù. Àwo iná rẹ náà, gílóòbù lásán ni wọ́n ṣe é fún. Xenon tó wọ inú rẹ̀ fọ́n ká bí ẹni da omi sórí páànù. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí a tàn án, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Iná náà mọ́ sórí igi máńgòrò débi pé mo lè ka èso. Àdán fò dìde. Àwọn tó ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iwájú ṣílẹ̀kùn, wọ́n rò pé NEPA mú iná dé. Kòtò tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta níwájú táyà rẹ, òkùnkùn biribiri. Inú rẹ̀ náà lo wọ̀.

Ó tún fi òrùka iná yí ojú kọ̀ọ̀kan ká. Ó fi iná pupa sábẹ́ ikùn rẹ, gígùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ síta, tí èéfín ń rú, tí iná pupa ń tàn nísàlẹ̀, ọkùnrin kan gúnlẹ̀ tì wá, ó ní kí a gé ṣúyà ẹgbẹ̀rún méjì náírà fún òun, ká má fi àlùbọ́sà sí i.

Ọjọ́ Màpó ni n kò ní í gbàgbé. Ọ̀rẹ́ àna mi ń gbéyàwó, Gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n ti fẹ́ gbàlejò, wọ́n ní Celica ni yóò gbé tọkọtìyàwó. Ilẹ̀kùn méjì péré lo ní, Àjàní. Wọ́n ká àga iwájú, wọ́n ti ọkọ ìyàwó sẹ́yìn tòun ti agbádá, bí ẹni ń di aṣọ sínú àpótí. Ìyàwó jókòó síwájú, òrùlé rẹ tẹ gèlè rẹ̀ wálẹ̀, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ní ìdajì òkè, abẹ́rẹ́ ooru fò dé H, ooru funfun bo gíláàsì. Ẹ dúró. Ìyàwó jáde, ó ká ẹ̀wù funfun rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ gun Màpó. Ọkọ rẹ̀ kò lè jáde, agbádá ti há sí ẹsẹ̀ àga. Bí a ti ń fà á ni Micra kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ọ̀kan nínú àwọn Micra Ìbàdàn yìí, èrò márùn-ún wà nínú rẹ̀, àgbò kan yọrí níbi búùtù. Ó rọra yà wá sílẹ̀. Àgbò náà wò ọ́, ó wò ọ́ títí ó fi kọjá sókè.

Mọ́tò agbọ́kọ̀ ló gbé ọ wálé. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ṣì ọ́ pè. Àjàgbé lorúkọ rẹ.

Bí a bá sì ní ká sáré gba ojú títì pẹ̀lú rẹ, ẹ̀rù ìwé ń bà wá. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kì í ṣe èyí tó wà lára irin mọ́. Ó yẹ kí àna mi ti lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ látọjọ́ yìí, kò lọ. Aláṣọ ìjọba kan dá a dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wo ìwé, ó wo ẹ́ńjìnì, ó bi í pé, "Ta ló ni èyí tó wà nínú èyí?" N kò tí ì gbọ́ oríkì tó bá ọ mu jùyẹn lọ.

Àna mi wọ Micra lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ òní. Ó ní bí òun bá gbowó oṣù, radiétọ̀ ló kàn. Èmi náà fẹ́ jáde, ìwọ sì dábùú ẹnu géètì mi, bátìrì rẹ ti kú: iná pupa ló jẹ ẹ́ mọ́jú.

Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń gbọ́ mi lójú fèrèsé, mo ti kì í tán. Ẹ dákun, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi tì í. Kí ẹni méjì wà lẹ́yìn, kí ẹnì kan di ilẹ̀kùn mú. Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹ́ tó wà lórí búùtù rẹ̀ o, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.