Ọmọọba Kúbwà, Ẹ Wá Ka Fáìlì Bàbá Yín

Gbogbo ọmọ tí àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá bí láti ọdún gbọ́nhan, Àbújá ni wọ́n kó wá. Ẹ yọjú sí òde ìnáwó kan ní Garki lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ gbọ́ bí MC ṣe ń kí wọn: Ọmọọba ti Kúbwà, Ọmọọba ti Lugbe, Ọmọọba ti Gwarinpa, títí dé orí Ọmọọba tó ń bá àwọn olóúnjẹ jà nídìí kúlà. Bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn dárúkọ bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Ojú ẹ̀ á ranjú bí ojú ẹni tí ATM gbé káàdì ẹ̀ mì. Á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun kọ́kọ́ pe àǹtí òun ní Òṣogbo.

Mi ò bínú o. Ìlú tí ẹ ń gbé gan-an, orúkọ tó ń jẹ́, ara aládùúgbò ni wọ́n ti bọ́ ọ. Òfin kẹfà tí ìjọba ológun ṣe ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ló bí i. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ Àbújá àtijọ́, wọ́n ní kí onítọ̀hún máa jẹ́ Sùlèjá. Àwọn Gbagyi tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà ṣì ń wò wá níran. Ta ló wá máa bi ará irú ìlú bẹ́ẹ̀ léèrè ìwé ẹ̀rí ìran?

Èmi ni. Torí ìwé náà wà, inú kóòtù ló wà. Kì í ṣe kóòtù tí ẹ̀ ń wọ̀ pẹ̀lú táì lọ sí sẹkitéríàtì o. Kóòtù tí kò ní bọ́tìnnì ni mò ń wí, èyí tí bàbá bàbá yín wọ̀ nítorí ilẹ̀ oko, tí wọ́n ní kó búra kó tó la ẹnu.

Ọgbọ́n ibẹ̀ rèé. Òfin gbà kí èèyàn fi ìtàn àtẹnudẹ́nu jà fún ilẹ̀ ìdílé. Ó wà ní abala 66 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, àwọn adájọ́ sì ti ń lò ó tipẹ́ kí ìyẹn tó dé. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í gba "láyé àwọn baba wa" lásán. Á ní: ta ló tẹ ilẹ̀ yìí dó? Báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́ dó? Ta ló jogún ẹ̀, ta ló jogún ti ìyẹn, ẹ kà á wá lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé orí ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró síbí. Ẹni tó bá fo orúkọ kan, ilẹ̀ náà á fo òun náà dá. Nítorí náà, ohun tí oríkì gbàgbé, tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín sì gbé lọ sọ́run, lọ́yà kan ti fi taipúráítà tẹ̀ ẹ́ ní ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, ó sì ti gbowó ẹ̀.

Ẹ má tíì jó. Ìdílé tó gbàgbé ẹni tó wà láàárín mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe: wọ́n á dá bàbá kan sílẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba kúkú mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí orúkọ ẹ̀ ń gbowó oṣù, tí ẹnikẹ́ni ò rí ìdí ẹ̀ lórí àga rí. Ká ní wọ́n lè gbé IPPIS, ètò tí ìjọba fi ń sanwó oṣù, wọ inú ìtàn ìdílé ni, bàbá ńlá mélòó ló máa ṣẹ́ kù?

Ẹ má sì ka ìwé olùpẹ̀jọ́ nìkan. Nínú ìwé olùpẹ̀jọ́, bàbá yín ló dá ìlú sílẹ̀, ọdẹ ni, ó pa ẹfọ̀n. Ẹ wá ṣí ti olùjẹ́jọ́: àlejò tó tọrọ ibi tó máa sùn ni, ibùsùn ọ̀hún ni ò sì fẹ́ kúrò lórí ẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1957, irú ẹjọ́ báyìí ti Gold Coast dé iwájú Adájọ́ Denning ní Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ẹjọ́ àwọn ilẹ̀ amúnisìn máa ń parí sí. Kò pe àgbàlagbà kankan ní òpùrọ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ ti ṣìnà, síbẹ̀ ó lè jẹ́ pé ohun tó dá àwọn méjèèjì lójú ni wọ́n ń sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà lẹ́nu àìpẹ́. Òyìnbó yẹn níwà. Àbúrò bàbá yín ì bá ti gbé àdá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé. Suberu Dáwódù kú ní Èkó láìkọ ìwé ogún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi la máa fi pín ogún ẹ̀ ni, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan nínú mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀? Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ló bá ayé òde òní mu. Ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yí i dà lọ́dún 1958. Nígbà tó di 1962, Privy Council fọwọ́ sí ìdí-igi, ó ní olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí níbi tó bá rí i pé ó yẹ. Nàìjíríà ti gba òmìnira fún bí ọdún méjì, Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń bá wa ka ìyàwó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tún wà o, ọmọ Òṣómàáló pọ́ńbélé, tó lọ gbé ní Bìní, tó fẹ́yàwó níbẹ̀, tó ní òun ti di Bìní, tí wọ́n sì gbà á, ló bá ń kó ilẹ̀ jọ. Ó kú tán, àwọn ọmọ ń jà: àṣà ta la máa tẹ̀ lé? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lọ́dún 1985 nínú ẹjọ́ Olówu pé ti Bìní ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìpínlẹ̀ ìbílẹ̀ yín sínú fọ́ọ̀mù láìmikàn, ṣé ó dá yín lójú?

Fáìlì ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìyá àgbà tí wọ́n ní kò gbóhùn sókè rí dúró gbọnin, ó ní òun ò fẹ́ bàbá yẹn mọ́. Ọkọ ń ka owó tó ná sídìí ìdána, ọkùnrin tuntun ń tú àpò láti dá a padà. Ògbifọ̀ túmọ̀, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá tí kò kọjá "gúmọ́nì" láyé rẹ̀ wá ń fọ Gẹ̀ẹ́sì oníkọmá nínú ìwé.

Ẹ dìde, ẹ lọ wá fáìlì yín. Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba amúnisìn wà ní ilé ìtọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ tí Kenneth Dike dá sílẹ̀ lọ́dún 1954, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ti Ìlọrin àti Kabba, Kàdúná ni, ẹ wọ rélùwéè ní Idu. Ẹ tètè ṣe é, nítorí iná jó kóòtù Ìgbóṣèrè ní Èkó ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, fáìlì tó bá a lọ ò lónkà, n kò sì lè fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá wá rí i pé bàbá àgbà yín ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì, ẹ rọra pa fáìlì dé. Ọmọ ẹni kejì ni lánlọ́ọ̀dù yín ní Kúbwà, kò sì tíì dé Ìbàdàn.