Ẹ Bá Mi Kí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Avépozo

Bọ̀dá olóko ẹ̀fọ́, ẹ kú ìnáwó o. Ọkọ́ yín ti rọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, pọ́ọ̀ǹpù oògùn koríko lẹ ń pọ̀n kiri, ó kù díẹ̀ kí ẹ fún un lọ́mú. Koríko kan yọjú láàárín gbọ̀mà, gbogbo ebè lẹ fọ́n lóògùn!

Ẹ wá rò pé ilẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bakitéríà ni o! Bí glyphosate inú oògùn koríko yín bá ti kanlẹ̀, Pseudomonas àti Arthrobacter ti jókòó tì í. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá: wọn a já a kúrò lára kábọ́ọ̀nù, wọn a sì gbé e mì. Àwọn aláìnísùúrù inú wọn a kàn gé oògùn náà sí méjì, wọn a fi àjẹkù tó ń jẹ́ AMPA sílẹ̀, èyí tó máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju glyphosate fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má bú wọn. Ṣé ẹ̀yin náà ń fọ abọ́ tí ẹ bá jẹun tán ni?

Ní Minnesota, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí oògùn ti dànù, àwọn onímọ̀ rí Pseudomonas kan tó ń fi atrazine, oògùn koríko mìíràn, ṣe oúnjẹ. 1995 ni wọ́n kọ ọ́ jáde. Ohun tí babańlá rẹ̀ kò rí rí, ó ń yọ náítírójìn inú rẹ̀ jẹ! Ẹ̀yin Ànàgó kan sì wà ní Lomé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ ṣì ń yínmú sí àkúmẹ̀ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n yanrìn etí òkun ni ilẹ̀ oko yín ní Avépozo, ní Lomé níbẹ̀. Níbi tí ewé jíjẹrà kò pọ̀, òṣìṣẹ́ kì í pọ̀. Ohun tí wọn ò bá jẹ tán lè bá omi wọ kànga tí ẹ fi ń bomi rin sàláàdì. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ ń dà sí ebè, àwọn bakitéríà yìí lẹ fi ń bọ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ìjọba Tógò fòfin de glyphosate ní oṣù Kejìlá 2019, wọ́n fún àwọn tó ń tà á ní ọdún kan kí wọ́n fi tà á tán. Bí ìgò kan bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan, ẹ má bi mí, ìyàwó rẹ̀ ni kí ẹ bi.

Ọjọ́ tí bakitéríà bá dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní kí ẹ san owó iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, sẹ́fà inú ilé yín ò ní tó. Ẹ ó ta ilẹ̀ náà fún oníbúlọ́ọ̀kù tó ti ń wò ó tipẹ́.