Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko, Àbí Oko Làbọ̀ Sinmi Ilé?

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àgbẹ̀ Ìbàdàn a máa gbé inú ahéré fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, á roko títí ẹ̀yìn á fi máa dùn ún, kó tó padà sí ìgboro, sí agboolé bàbá rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi í léèrè owó ilé. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, amọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, àwọn àna àti ọ̀rẹ́ ló sì bá a mọ ògiri náà lọ́wẹ̀. Ẹni tó gbélé báyìí lẹ́tọ̀ọ́ láti na ẹsẹ̀, kó sì pòwe.

Àwa gba òwe náà lọ́wọ́ wọn, a ò gba agboolé mọ́ ọn.

Lónìí, bí ẹni tó ń gbowó oṣù l'Ékòó bá ti ń súnmọ́ ogójì ọdún, àdúrà kan ni wọ́n á máa ṣe lé e lórí lóde ìkómọ: "O ò ní darúgbó sílé onílé o!" Àmín á sì dún bí ààrá. Gbogbo ayé ti gbà pé owó ilé tí à ń san, owó tó bọ́ sómi ni, àti pé ọjọ́ téèyàn bá di lánlọ́ọ̀dù ni ìnáwó ilé parí.

Ẹ jẹ́ ká sin ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe àdúrà yìí fún dé Mọ́wé. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká ilẹ̀ Yábàá, ló bá forí lé ọ̀nà Ìbàdàn. Ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé, wọ́n já rìsíìtì fún un. Kò tíì da ìpìlẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi wá gba owó ìpìlẹ̀. Ó dé líńtẹ̀, wọ́n tún dé. Nígbà tó fi máa kan páànù, wọ́n ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè é. Onílé tó yá ilé lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó kò kúkú jẹ́ kó parí rẹ̀, ló bá kó wọlé bẹ́ẹ̀: tapólì ni wọ́n fi pákó kàn mọ́ ojú fèrèsé, wáyà iná ń rọ̀ dirodiro níbi tó yẹ kí sílìn wà, àwọn ọmọ sì ń ka ìwé lórí àpò sìmẹ́ǹtì. Síbẹ̀, ó pe èrò wá síbi ìṣílé. Wọ́n jẹun, wọ́n mu, wọ́n ní, "Ilé á tura o."

Kò pẹ́ tí ìpàdé lánlọ́ọ̀dù fi bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò ò ní tiransifọ́mà, ẹ dáwó. Ẹ dáwó òpó, ẹ dáwó wáyà. Bí wọ́n bá ti rà á tán, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná á gbà á bíi tiwọn, wọ́n á sì fi bílì ránṣẹ́. Òjò wó títì, ẹ dáwó yanrìn. Ẹ dáwó gẹ́ètì, ẹ dáwó ọlọ́dẹ. Omi ní tiẹ̀, kálukú ló ń gbẹ́ ti ara rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé lánlọ́ọ̀dù Mọ́wé lọ́nà, ẹ kí i dáadáa: alága ìjọba ìbílẹ̀ ni, àfi pé ẹnikẹ́ni kì í san owó orí fún un.

Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Long Bridge àti Berger. Nígbà tó bá fi máa wọlé lálẹ́, àwọn ọmọ ti sùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti gbọ́n ọgbọ́n mìíràn: wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn kábínẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn láti Mọ́ńdè títí di alẹ́ Fúráìdè. Oko wá di ibi ìsinmi, ilé di iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó yá yàrá sí Ṣómólú ti wẹ̀, ó ti jẹ ẹ̀bà rẹ̀, kí ti Mọ́wé tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ṣùgbọ́n lóde àríyá, ta ni wọ́n ń gbé àga iwájú fún?

Mi ò sọ pé ara tu ayálégbé. Àṣìgbàgbọ́ tiẹ̀ ni pé òfin ti gbà á sílẹ̀. Òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá rú u á san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ohun tí àwọn tó ń fi òfin náà yangàn kì í kà débẹ̀ ni pé ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Ayálégbé tó bá sáré dé kóòtù pé wọ́n gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ òun ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Òfin náà kò sì dé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹ má bi mí pé àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀.

Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 dé òpin 1983, kò fi ìwé lásán dẹ́rù ba onílé. Ilé ló ń kọ́: Abẹ́sàn, Òkè-Àfà, Ọ̀jọ́kòró, Àmúwò. Títí di òní, bí o bá ní Jákàńdè lò ń lọ, awakọ̀ á bi ọ́ pé Jákàńdè èwo.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kì í fẹ́ sọ níbi ìṣílé. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní 1978 ti kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gbogbo akọ́lé ń lá àlá rẹ̀, ọdún 99 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí wọ́n á máa san lọ́dọọdún. Ẹni tí wọ́n dá ọdún fún lórí ilẹ̀, tó tún ń san owó lọ́dọọdún, kí là ń pè é? Ẹ wí i sókè ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, kí wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín.

Ẹni wa ti Mọ́wé kò tilẹ̀ tíì dé ibẹ̀. Rìsíìtì ìdílé nìkan ló wà nínú àpótí rẹ̀. Ayálégbé gómìnà ni, gómìnà ò sì mọ̀ ọ́n rí.